Faransé tàbí Ègùn: èwo ni kí ẹni tó kó wá sí Àjàṣẹ́ kọ́kọ́ kọ́?

Yorùbá tó bá ti Nàìjíríà kó wá sí Àjàṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ọ̀rọ̀ èdè kì í tètè ká a lára. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó gbé e láti Ìgólò lẹ́nubodè, ẹni tó ń ta omi dá a lóhùn ní Yorùbá. Ó dé ọjà Wàndó, ó ń gbọ́ Yorùbá lọ́tùn-ún lósì. Kódà, onílé tó gbà á sílé lè jẹ́ Yorùbá tí baba ńlá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé tó fọwọ́ sí ìwé ààlà lọ́dún 1889, tí wọ́n fi pín ọmọ ìyá sí ìhà méjì.

Ìrọ̀rùn yìí dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ nǹkan kan. Ẹ ó rí ẹni tó ti bímọ síbí, tó ti kọ́lé síbí, tí kò lè ka ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ fi rán ọmọ rẹ̀ wálé, tí kò sì gbọ́ ohun tí àwọn aládùúgbò ń sọ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rí i, nítorí ìlú yìí fẹ́ràn ẹni tó bá gbìyànjú.

Ìlú kan náà ló ní orúkọ mẹ́ta: Àjàṣẹ́ lẹ́nu Yorùbá, Hògbónù lẹ́nu Ègùn, Porto-Novo lórí ìwé ìjọba. Èyí tó jẹ́ tiwa ti wà lẹ́nu wa. Ó ku méjì, kò sì sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oojọ́ tó lè kọ́ méjèèjì papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó má dà wọ́n pọ̀. Ẹ ní láti mú ọ̀kan ṣáájú.

Níwájú ta ni ẹ kò ti lè rán ògbufọ̀?

Ìbéèrè tí mo máa ń fi dá àwọn tó bá ní kí n gba àwọn nímọ̀ràn lóhùn nìyí. Àwọn èèyàn kan wà tí ògbufọ̀ ò wúlò lọ́dọ̀ wọn. Nọ́ọ̀sì tó ń bi yín lóru pé ibo gan-an ló ń dùn yín. Olùkọ́ tó ránṣẹ́ pè yín nítorí ọmọ. Ìyá ọkọ tí ẹ̀yin méjèèjì jọ jókòó sẹ́yìn ilé, tí ẹ jọ ń ṣa ẹ̀fọ́. Ọlọ́pàá tó dá yín dúró lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Oníbàárà tó fẹ́ sọ agbára owó rẹ̀ fún yín ní kọ̀rọ̀, tí kò fẹ́ kí ẹnì kẹta gbọ́. Ẹ jókòó, kí ẹ ro ọ̀sẹ̀ kan yín láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Àìkú, kí ẹ ka irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Èdè tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń sọ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ fún yín pé Faransé ni gbogbo ènìyàn gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló wà nínú ìwé. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Àjàṣẹ́, tó lọ fi oṣù mẹ́fà jókòó sí kíláàsì Faransé, tí kò lè bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun tó jìnnà sí i ló lọ mú, ó fi èyí tó wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tí Faransé ti ń ṣiṣẹ́

Láti ìgbà tí orílẹ̀-èdè yìí ti gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 1960, nígbà tó ṣì ń jẹ́ Dàhòmì, Faransé nìkan ni èdè ìjọba. Ohunkóhun tó bá ti ní òǹtẹ̀, Faransé ni: ìwé ìbí ọmọ, àdéhùn ilé, ìwé ilẹ̀, owó iná mànàmáná. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè wọlé kó sì gbé ọjọ́ 90 láì gba físà. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, Faransé ni wọn ó sì fi bi yín léèrè lọ́fíìsì. Ilé ẹjọ́ àti báǹkì náà ò yàtọ̀. Nínú ilé ẹ̀kọ́, òun ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò, òun ni wọ́n fi ń bá a wí.

Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ń ká mi lára jù. Dókítà á kọ oògùn sínú ìwé pélébé tí aláìsàn ń mú káàkiri, ohun tó sì sábà máa ń kọ ni irú èyí: *1 cp × 3/j, 5 jours*. Cp yẹn ni *comprimé*, hóró oògùn. J yẹn ni *jour*, ọjọ́. Hóró kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, fún ọjọ́ márùn-ún. Bó bá kọ *matin et soir*, àárọ̀ àti alẹ́ ni. Bó bá kọ *à jeun*, kí ẹ tó fẹnu kan oúnjẹ rárá ni. Mo ti rí ìyá kan lẹ́nu ọ̀nà ilé oògùn, tó pọn ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná sẹ́yìn, tó ń na ìwé yẹn sí ẹni tó bá ṣáà ti ń kọjá. Ẹnì kan sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀mejì ni, ẹlòmíràn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà fún un. Ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé, bó bá jẹ́ àwọn ìlà bí èyí nìkan ló kọ́kọ́ kọ́ ní Faransé, kí ó tètè kọ́ wọn, ì báà jẹ́ Ègùn ló yàn.

Lójú pópó, Faransé ni àwọn ọ̀dọ́ tí ìlú ìyá wọn yàtọ̀ síra fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, òun sì ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń sọ láàárín ara wọn. Nínú ọjà, ẹ ó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n àlejò ni níbẹ̀.

Ibi tí Ègùn ti ń ṣiṣẹ́

Àwọn tó ni ín ń pè é ní Gùngbè. Kò sí lórí òǹtẹ̀ kankan, ṣùgbọ́n òun ni ìlú fi ń jí, òun ló fi ń sùn. Ẹni tó bá mọ àwọn Ègùn Àgbádárìgì ní ìpínlẹ̀ Èkó ti gbọ́ ọ rí, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ bí ẹ bá fẹ́ ra ata ní Wàndó. Ẹ béèrè iye ní Yorùbá, ìyá aláta dá yín lóhùn ní Yorùbá. Ẹ ní ó ti wọ́n jù. Kó tó fèsì, á yíjú sí ẹni tó pàtẹ tì í, á sọ gbólóhùn kan ní Ègùn. Ìyẹn á dá a lóhùn, àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín díẹ̀, lẹ́yìn náà á tún kọjú sí yín: "Ó dáa, ẹ mú owó wá." Nínú gbólóhùn kan yẹn ni iye tó ti gbà láti tà á wà. Ẹni tó gbọ́ ọ mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ẹni tí kò gbọ́ á sanwó, á sì rò pé òun ti ná an dé ìsàlẹ̀.

Bákan náà ló rí nínú ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀gá á bá oníbàárà sọ Yorùbá tàbí Faransé, ṣùgbọ́n Ègùn ni àwọn ọmọ iṣẹ́ fi ń bi ara wọn pé ta ló gé aṣọ yìí kúrú, ta ló máa jíhìn fún ọ̀gá. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ níbẹ̀, ìdajì ẹ̀kọ́ iṣẹ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn. Bí ìsìnkú bá wáyé ní àdúgbò, bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ, bí wọ́n bá kìlọ̀ pé Zángbétọ́, eégún Ègùn tó ń ṣọ́ ìlú, máa jáde lóru, ẹni tí kò gbọ́ Ègùn, lẹ́yìn gbogbo èèyàn ló máa ń gbọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fi pamọ́ fún un. Wọ́n ti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Èwo ló rọ ahọ́n Yorùbá lọ́rùn?

Níbí yìí, Ègùn ló fakọ yọ, ó sì fi Faransé sẹ́yìn pátápátá. Èdè olóhùn ni, bíi tiwa. Etí tó bá ti lè mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ́ àti ọkọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkèèrè. Gb wa wà níbẹ̀. P tí àwa ń kọ, òun ni wọ́n ń kọ ní kp, bí a sì ṣe ń pe àpò gan-an ni wọ́n ń pè é. Fáwẹ́lì àránmúpè tí ń ni òyìnbó lára kò ní ni wá lára.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kì í yí padà. Ọ̀rọ̀ kékeré kan ni wọ́n ń fi síwájú rẹ̀, bí àwa náà ti ń ṣe. *É ná wá*: ó máa wá. *É nọ̀ wá*: ó máa ń wá. Ẹ rí i pé *wá* yẹn, tiwa ni. Bí a ṣe ń sọ pé "ilé náà", tí "náà" wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn náà ṣe ń fi tiwọn sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí a sì ṣe ń to ọ̀rọ̀-ìṣe léra wọn nínú gbólóhùn kan, "ó ra iṣu wá sílé", irú rẹ̀ wà nínú Ègùn. Nítorí náà, bí Yorùbá bá ti ní ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ́wọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n, kò sì ní jìnnà sí òótọ́.

Ibi tó le níbẹ̀ ni v àti z, tí Yorùbá kò ní, àti ìró ọ̀fun kan tí wọ́n ń kọ ní x. Ẹni tó ń pe Zángbétọ́ ní "Sángbétọ́", wọn á mọ̀ pé àlejò ni. Ìṣòro kejì jẹ́ ti ìwé. Ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ló wà nílẹ̀: àwọn ìjọ Kírísítẹ́nì ń kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ àti ọ, bí ẹ ó ṣe rí i nínú Bíbélì Ègùn, ṣùgbọ́n álífábẹ́ẹ̀tì èdè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń lo ɛ àti ɔ. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Ìró kan náà ni. Ẹ mú ti àwọn ìjọ, torí ojú yín ti mọ̀ ọ́n láti ilé.

Faransé le jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú tèmi. V àti z wà níbẹ̀ náà, ìró j wọn sì yàtọ̀ sí tiwa. Ó tún ní u tí a ní láti su ẹnu pọ̀ kí a tó lè pè, àti r tó ń ti ọ̀fun jáde. Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ tí wọn kì í pè pọ̀ débi pé ẹni tó kọ́kọ́ fi ojú kọ́ ọ, ẹnu rẹ̀ á máa ṣì í. Gbogbo orúkọ nǹkan ló jẹ́ akọ tàbí abo, bẹ́ẹ̀ tábìlì àti àga kò bímọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ń yí padà fún èmi, fún ìwọ, fún àwa, fún àná, fún ọ̀la.

Síbẹ̀, ohun kan wà tí àwọn olùkọ́ kì í sábà tọ́ka sí: Faransé tí wọ́n ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀ kì í ṣe ti Paris pọ́ńbélé. Àwọn èèyàn ibí ti gbé ìwà wọn wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ti ìrìn àjò dé, wọ́n á kí yín ní *bonne arrivée*. Bí wọ́n bá bá yín lórí ìjókòó, wọ́n á ní *bonne assise*, ẹ kú ìjókòó. Òyìnbó tó gbọ́ ìyẹn á dúró wò. Yorùbá tó gbọ́ ọ ti mọ èsì. *Tu* àti *vous* náà kò ní dà yín láàmú: ibi tí ẹ bá ti máa sọ "ẹ" fún àgbà, *vous* ni kí ẹ sọ. Iye owó tó ń dẹ́rù bani láti 70 dé 99 pàápàá, a ní ìbátan rẹ̀ nílé. Ogún mẹ́rin ni wọ́n ń pe 80, *quatre-vingts*, bí àwa ti ń pè é ní ọgọ́rin. Àwọn Bẹ́líjíọ̀mù máa ń ní *septante* fún 70, ṣùgbọ́n ní Bẹ̀nẹ̀, *soixante-dix* ni, ọgọ́ta lé mẹ́wàá. Ẹ fi owó séfà kọ́ ọ, ẹ má fi pátákó kọ́ ọ.

Ta ni yóò kọ́ yín?

Ní ti Faransé, kíláàsì wà. Yunifásítì Abomey-Calavi ní ibùdó kan, CEBELAE, tó ń kọ́ àwọn àlejò ní Faransé. Institut français wà ní Kútọnu. Ẹni tí kò tíì kúrò ní Nàìjíríà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: Abúlé Èdè Faransé ti Nàìjíríà wà ní Àjàrá, ní Àgbádárìgì, láti ọdún 1991, ó sì sún mọ́ ààlà. Bí iṣẹ́ tàbí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ ẹ̀rí lọ́wọ́ yín, ìdánwò DELF ni kí ẹ lépa. Ìpele mẹ́rin ló ní, A1, A2, B1 àti B2, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kì í sì í kú. Ìdánwò Faransé mìíràn tí wọ́n ń pè ní TCF yàtọ̀ sí i, ọdún méjì péré ni ìwé ẹ̀rí ti ìyẹn ń lò. Ẹni tí kò nílò ìwé ẹ̀rí, kó má wulẹ̀ náwó sórí ìdánwò. Kó gba olùkọ́ tó máa wá sílé.

Ẹ bi olùkọ́ náà bóyá ó gbọ́ Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó gbọ́ ni mo fẹ́ fún yín, nítorí ọ̀rọ̀ akọ àti abo yẹn nílò àlàyé. Lẹ́yìn oṣù méjì mẹ́ta, ẹ lọ bá èyí tí kò gbọ́ rárá. Bí àlàyé bá ṣì wà ní Yorùbá nígbà náà, ẹnu yín á máa sá sẹ́yìn.

Ní ti Ègùn, ẹ kò ní rí kíláàsì bẹ́ẹ̀ lójú pópó. Àwọn tó ń kọ́ àgbà ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà lè ràn yín lọ́wọ́, àwọn olùkọ́ ìjọ náà lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ọ̀mọ̀wé àti ìyá àgbà kan tó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ sísọ, ìyá àgbà ni n ó yàn. Ẹ wá ẹni tó ń ta nǹkan lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dí láti ìrọ̀lẹ́, kí ẹ lọ jókòó tì í pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ máa ra àkàsà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ máa béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń pe èyí, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó sọ gbólóhùn mẹ́wàá sínú fóònù yín, èyí tó ń sọ lójoojúmọ́ gan-an, kí ẹ máa gbọ́ ọ lórí zémìjàn, ìyẹn ọ̀kadà ibí, àti nídìí ìdáná. Fóònù yẹn ni ìwé Ègùn yín.

Ilé ìjọsìn náà jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run, ìlú Àjàṣẹ́ yìí ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1947, lọ́dọ̀ Samuel Bilehou Oshoffa, Ègùn àti Yorùbá sì jọ ń rìn nínú orin wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti mọ orin kan ní Yorùbá, tó wá ń gbọ́ ọ ní Ègùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìtumọ̀ ti wà nílé kí ọ̀rọ̀ tó dé. Mùsùlùmí kò ní rí èyí lò tó bẹ́ẹ̀, nítorí Yorùbá ló gbilẹ̀ láàárín àwọn Mùsùlùmí Àjàṣẹ́. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbára lé ọjà àti ibi iṣẹ́.

Nípa áàpù orí fóònù, Faransé nìkan ló rí ire níbẹ̀. Duolingo ń kọ́ni ní Faransé láti inú Gẹ̀ẹ́sì, ó wúlò fún ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í la ẹnu. Èyí tí mo gbà yín níyànjú láti gbọ́ lójoojúmọ́ ni ìròyìn RFI, rédíò ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní *Le journal en français facile*. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò díjú, kò sì ná yín ju dátà lọ. Ìwé ìròyìn ìjọba, *La Nation*, náà dára fún ẹni tó ti lè kàwé díẹ̀. Google ti fi èdè Fọ̀n kún èdè tó ń túmọ̀ lọ́dún 2024, Fọ̀n sì jẹ́ ìbátan Ègùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi túmọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Ègùn, kò bójú mu.

Owó àti àkókò

Ẹ má wo iye tí kíláàsì ń gbà lóṣù. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ló wà nínú oṣù náà, kí ẹ pín in, lẹ́yìn náà kí ẹ fi owó ọkọ̀ kún un. Kútọnu tó nǹkan bí kìlómítà 30 sí Àjàṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ sì wà lójú ọ̀nà. Kíláàsì tó dà bíi pé kò wọ́n lè wá wọ́n ju olùkọ́ àdúgbò lọ nígbà tí ẹ bá ṣírò tán.

Ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ń kọ́ àwọn aṣojú rẹ̀ ní èdè ka Faransé sí ọ̀kan lára àwọn tó rọrùn jù fún elédè Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ wákàtí 600 sí 750 ni wọ́n ń yà sọ́tọ̀ fún un kí ẹni náà tó lè fi ṣiṣẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá rí bébà lára ògiri tó ṣèlérí Faransé láàárín oṣù kan, ìkíni àti ọjà nínáà ni ẹ máa bá níbẹ̀. Kò burú bí ẹ bá mọ̀ pé ohun tí ẹ ń rà nìyẹn.

Ègùn kì í gba owó, àsìkò àti ìtìjú ni ó ń gbà. Lójú tèmi, Yorùbá tó ń gbé agbolé kan náà pẹ̀lú àwọn Ègùn, tó sì pinnu pé òun ò ní máa dá wọn lóhùn ní Yorùbá, á ti máa ná ọjà, á sì ti máa gbọ́ àríyànjiyàn wọn láàárín oṣù díẹ̀. Ohun tó ṣòro jù ni láti dá wọn dúró, nítorí inú rere ni wọ́n fi ń yí sí Yorùbá fún yín. Ẹ sọ fún wọn ní gbangba pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ. Wọ́n á ràn yín lọ́wọ́, àwọn ọmọdé á sì máa tún un ṣe fún yín láì bẹ̀rù.

Ṣé Fọ̀n kọ́?

Ẹni tó bá ń lọ síṣẹ́ ní Kútọnu lójoojúmọ́ lè béèrè èyí. Fọ̀n ló gbòde níbẹ̀. Ó sún mọ́ Ègùn débi pé ẹni tó gbọ́ ọ̀kan ń gbọ́ púpọ̀ nínú èkejì. Bí ilé yín bá wà ní Àjàṣẹ́, ẹ kọ́ Ègùn, ẹ ó rí i pé Kútọnu náà á ṣí sílẹ̀ fún yín díẹ̀díẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ni ẹ ń lọ

Ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá. Yorùbá ni èdè ìlú níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì pa Kétu run lọ́dún 1886, wọ́n kó àwọn èèyàn lẹ́rú, síbẹ̀ ìlú tún dìde, Alákétu wà lórí ìtẹ́, èdè kò sì kú. Ẹni tó bá mọ ohùn Ìmẹ̀kọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti mọ nǹkan nínú ohùn Kétu, nítorí abẹ́ Kétu ni Ìmẹ̀kọ wà nígbà kan rí. Ṣábẹ̀ẹ́ jìnnà sí i lápá òkè, ohùn tiwọn tún dá yàtọ̀, ẹ ó sì gbọ́ Màhí àti Fúlàní lọ́jà wọn.

Níbẹ̀, Faransé nìkan ni kí ẹ náwó lé. Ìyókù, etí àti ìrẹ̀lẹ̀ ló ń fẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe máa tún ọ̀rọ̀ wọn ṣe bíi pé Yorùbá tó bàjẹ́ ni wọ́n ń sọ. Yorùbá tí a kọ́ nínú ìwé ní Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan, tiwọn náà sì jẹ́ ojúlówó. Bí ìyá kan ní Kétu bá pe nǹkan lọ́nà tí ẹ kò gbọ́ rí, bí ó ṣe pè é ni kí ẹ̀yin náà pè é nígbà tí ẹ bá padà wá.

Kí n wá sọ ibi tí mo fì sí

Oníṣòwò tó pàtẹ ní Wàndó tàbí tó ń ná ọjà Àjàrá ti ẹ̀bá Àjàṣẹ́, kì í ṣe ti Àgbádárìgì: Ègùn ṣáájú, Faransé ti owó àti ti ìwé oògùn lẹ́yìn rẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó fẹ́ ọkọ Ègùn, kí ó má tilẹ̀ ro ó lẹ́ẹ̀mejì: ìyá ọkọ kò níí fi Faransé fẹ́ràn rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, òṣìṣẹ́ báǹkì, nọ́ọ̀sì, ẹni tó ń kó ẹrù gba ẹnubodè, ẹni tó wá kọ́ iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Songhaï: Faransé, láì dúró. Ẹni tí ọjọ́ 90 rẹ̀ kò ní lé kan, kó fi Faransé sílẹ̀, kó kọ́ ìkíni Ègùn àti iye owó, kó sì jẹ Yorùbá rẹ̀ ní àjẹgbádùn.

Ó ku àwọn ọmọ, torí àwọn òbí máa ń bi mí. Ẹ má yan fún wọn. Ilé ẹ̀kọ́ á fún wọn ní Faransé, eré ìrọ̀lẹ́ á fún wọn ní Ègùn, wọ́n á sì tètè gbọ́ méjèèjì jù yín lọ. Èyí tó lè sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́ ni Yorùbá. Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ máa sọ Faransé nílé kí ọmọ lè yára, ẹ fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé ẹ ó máa bá ọmọ ka ìwé Faransé rẹ̀ lálaalẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹ ó máa fi bá a jẹun.